Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Méjì Jókòó De Ìkíni

Ẹ má bi mí léèrè ìwé ẹ̀rí. Mi ò ní. Ohun tí mo ní ni orí tó wà lọ́rùn mi àti ọwọ́ mi méjèèjì, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe, ẹ wá ẹni tó lè ṣe é ní gbogbo Rye Lane, ní Peckham nílùú òyìnbó níbí, kí ẹ mú un wá bá mi. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe, kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tó dàgbà ju ọ̀pọ̀ oníbàárà mi lọ. Kò ní ojú tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n la fi ń wò ó. Kò ní ibi ìpamọ́ nínú, kásẹ́ẹ̀tì orin la fi ń tọ́jú ohun tí a bá kọ sí i. Gbogbo ohun tó lè rántí lẹ́ẹ̀kan náà kò tó fọ́tò kan tí ẹ fi fóònù yín yà níbi ìkómọ. Àwọn tó ṣe é kò rò ó rí pé irú rẹ̀ yóò wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi ni mo kọ ètò tó gbé e wọ̀ ọ́. Èmi Gbóyèga, tí tíṣà ní n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo kọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, títí ẹ̀rọ náà fi lanu tó sì bá ayé sọ̀rọ̀ bíi fóònù ọwọ́ yín. Ọmọ kan mú fóònù tó fọ́ wá láìpẹ́ yìí, ó bá mi nídìí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín: "Uncle, allow it, man, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kàn ra tuntun." Mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ ńlẹ̀, kí òun náà lọ ra tuntun. Ó ní eré lòun ń ṣe. Mo ní èmi kì í ṣeré lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn èèyàn rò pé ìfẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ ló mú mi jókòó tì í. Kì í ṣe ìfẹ́. Inú ló ń bí mi. Inú ti ń bí mi láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ọwọ́ tí mo fi ń kọ ètò yìí, ọwọ́ ẹni tí inú ń bí ni.

Ilé káńsù, ilé ìjọba alájà púpọ̀, là ń gbé ní Peckham nígbà náà, irú èyí tí gbogbo ilẹ̀kùn kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá tòru-tọ̀sán. Wọ́n ti wó o báyìí. Bàbá mi kì í pè é ní flat, agboolé ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń gbé ibẹ̀, torí kò sí ohun tí ẹnì kan ń ṣe tí ẹlòmíì kì í gbọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi àlùwàlá Alhaji, ará òkè wa, á ti máa ṣàn nínú páìpù lókè orí wa, ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀. Lẹ́yìn náà ni kọ́kọ́rọ́ Mummy á dún nínú ihò ilẹ̀kùn, torí ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó dé ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ikọ́ bàbá mi. Kì í ṣe ikọ́ àìsàn, ikọ́ àṣẹ ni: ó túmọ̀ sí pé kí n dìde, kí n bu kẹrosíìnì sínú hítà, kí n gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì nu bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ wọn ní gáréèjì bọ́ọ̀sì. Ìrẹsì lílọ̀ la fi ń ṣe òkèlè, torí gààrí ṣọ̀wọ́n, Mummy á rò ó títí ìkòkò á fi máa jó lórí gáàsì. Bàbá mi á ti jókòó, wọ́n á ti fọwọ́, ọwọ́ á ti gbẹ kí oúnjẹ tó dé. Tí wọ́n bá yó tán, tí wọ́n ń tayín, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Ó dùn létí. Ọ̀rọ̀ àgbà máa ń dùn létí. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àgbà wà lọ́jà, ojú àgbà sì là kedere, orí mi ṣì wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa Alhaji, torí bí kò bá sí Alhaji, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìdí. Lókè wa gan-an ni wọ́n ń gbé, àwọn àti ìyàwó wọn àti Ráṣídì ọmọ wọn, tí èmi àti ẹ̀ jọ wà ní kíláàsì kan náà. Ìjà kò sí láàárín Alhaji àti bàbá mi. Ohun tó wà níbẹ̀ burú ju ìjà lọ: kò sẹ́ni tó mọ èwo nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí fún àwọn tó kọ́kọ́ débí. Ọjọ́ orí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù kọ́ ni ọjọ́ orí tó wà nínú egungun. Bàbá mi ti gé tiwọn kù nítorí iṣẹ́, Alhaji náà ti gé tiwọn, kò sì sí èyí tó jẹ́ sọ tòótọ́ jáde lẹ́nu, torí ta ló mọ ẹni tó ń gbọ́? Nítorí náà kálukú sọ ara rẹ̀ di ẹ̀gbọ́n nínú pálọ̀ tirẹ̀. "Àbúrò mi òkè yẹn" ni bàbá mi ń pe Alhaji. Ráṣídì sì sọ fún mi pé nílé tiwọn, "àbúrò mi ìsàlẹ̀" ni orúkọ bàbá mi. Nígbà tó sì jẹ́ pé àbúrò ló ń kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹni tó ń kí ẹnì kan. Bí wọ́n bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, bàbá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tí kò sí kọ́kọ́rọ́, Alhaji á máa wo bàtà ẹsẹ̀ wọn bí ẹni pé bàtà náà ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan á wá sọ sínú afẹ́fẹ́ pé, "Òtútù yìí mà pọ̀ o." Èkejì á dá afẹ́fẹ́ lóhùn: "Àní ó pọ̀." Wọ́n á kọjá lára ara wọn. Èmi àti Ráṣídì á fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín á fẹ́ pa wá. Nígbà yẹn, ẹ̀rín ló jẹ́ lójú wa.

Bàbá mi ló ra kọ̀ǹpútà náà, lọ́jà East Street ní Walworth, lórí tábìlì ọkùnrin kan tó ń ta aago àti rédíò àlòkù. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ tó bá ní kọ̀ǹpútà nílé á di dókítà, wọ́n bá gbé e wálé nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n gbé e lé itan bí ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí. Kò pẹ́ tí Alhaji náà gbé tiwọn wọlé, irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n tiwọn wà nínú páálí rẹ̀. Bàbá mi dúró lójú fèrèsé, wọ́n wo páálí náà títí ó fi gun àtẹ̀gùn lọ sókè, wọ́n pòṣé. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo la ní, ti bàbá mi ni, nítorí náà ìgbà tí wọ́n bá wà níbi iṣẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ mi ń rí ojú lò. Tí kásẹ́ẹ̀tì bá ń ka ètò sínú rẹ̀, á máa han bí ẹni ń fi èékánná họ abọ́ irin, Mummy á pariwo láti kíṣìnì: "Gbóyè! Ẹran wo lò ń pa níbẹ̀ yẹn?" Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Wọ́n ní kí iṣẹ́ náà rọra kú.

Ní súkúlù, ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n fi mí sí. Lẹ́tà inú ìwé ìtàn ń sá fún mi, kí n tó di ọ̀kan mú, ìyókù á ti tú ká. Ṣùgbọ́n lójú tẹlifíṣọ̀n, nínú ẹ̀rọ yẹn, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lórí ìlà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tí a rán an. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́ fún mi. Mo ń kà wọ́n bí ẹni ń mu omi. Kò sí tíṣà tó bi mí nípa ìyẹn. Tíṣà pe bàbá mi, ó ní ọmọ yìí kò lè tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. A rìn padà sílé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti yíjú sí mi: "N ó dá ẹ padà sílé." Gbogbo ọmọ wa ní Peckham ló mọ gbólóhùn yẹn. Ilé tí wọ́n ń wí kì í ṣe ibi tí à ń sùn. Ìṣẹ́yìn ni, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ pé inú fọ́tò nìkan ni mo ti mọ̀ wọ́n. A ti rí àwọn ọmọ tó lọ rí. Wọ́n á ní họ́lídè ni, aṣọ wọn á ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn ò ní padà mọ́. Uncle Ṣẹ́gun, ọmọ ìlú bàbá mi, ló ń múra láti lọ sílé lọ́dún yẹn, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ pé kó mú mi dání. Mo fẹ́ dúró. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́. Mo fẹ́ dúró lọ́dọ̀ ìyá mi, mo fẹ́ dúró nídìí ẹ̀rọ mi.

Èmi ni mo ronú kan wáyà, ẹ má jẹ́ kí Ráṣídì sọ fún yín pé òun ni. Ihò kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà tí à ń gbà fi í mọ́ kásẹ́ẹ̀tì. Mo ní bí ohùn bá lè gba ibẹ̀ lọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí ló dé tí kò fi lè gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn? A ra wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò fún aago ẹnu ọ̀nà, mo gbé e gba ojú fèrèsé, Ráṣídì fà á lọ sókè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwọn. Wáyà kọ́ ló nira. Ọ̀rọ̀ ló nira. Bí tiwa bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí tiwọn náà ń sọ̀rọ̀, lẹ́tà á forí gbárí, ohun tó máa jáde lójú tẹlifíṣọ̀n á dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ibà ń ṣe. Ráṣídì fẹ́ jáwọ́. Èmi, mo lọ jókòó lórí àtẹ̀gùn, mo ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Nílé wa, ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ọmọdé á kí, á pa ẹnu mọ́, á dúró. Àgbà á dáhùn. Ìgbà yẹn ni ọmọdé á tó sọ ohun tí wọ́n rán an, àgbà á ní "mo gbọ́", ó di ìgbà yẹn kó tó sọ èyí tó kù. Tí àgbà kò bá gbọ́, á tún un sọ. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Mo sọ ọ̀kan di àbúrò, mo sọ èkejì di ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ bi àwọn tó ń ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì lónìí, irú ohun tí wọ́n ń ṣe náà nìyẹn. Ọmọdé ni mí, kò sí ẹni tó kọ́ mi.

Tiwa ni mo kọ́kọ́ fi ṣe àbúrò, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni wáyà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn súkúlù, mo tẹ̀ ẹ́. E KAASAN O yọ lójú tẹlifíṣọ̀n Alhaji. Ẹ̀rọ náà kò mọ àmì ohùn, ṣùgbọ́n Ráṣídì kígbe lókè débi pé ìyá rẹ̀ rò pé iná ló gbé e. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú tiwa, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì: KI LE SE LOBE. Mo tẹ̀: ILA. Ó tẹ̀: E BU TIWA SILE. Mummy jáde láti kíṣìnì pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, mo ka ọ̀rọ̀ náà sí wọn létí, mo sì fi wáyà hàn wọ́n. Wọ́n wo wáyà, wọ́n wo òkè àjà, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Gbóyè, Ráṣídì ló ń bi ọ́ léèrè ọbẹ̀ láti òkè?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó níbẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí, láìsí orin.

Mummy ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá mi. Wọ́n dúró kí wọ́n jẹun yó ná, wọ́n mọ ọkọ wọn. Wọ́n kúnlẹ̀: "Bàbá Gbóyè, ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn jẹ. Ọmọ yìí kì í ṣe olódo. Ẹ wo ohun tó ṣe kí ẹ tó rán an lọ." Bàbá mi ronú sí i. Wọ́n ní ó dáa, Uncle Ṣẹ́gun àti àwọn àgbà ìlú wa ń bọ̀ ní ọjọ́ Sunday, kí n ṣe é lójú gbogbo wọn. "Tí ẹ̀rọ méjèèjì bá bára wọn sọ̀rọ̀, yóò dúró. Tí wọn ò bá sọ̀rọ̀, òun àti Ṣẹ́gun ló ń lọ. Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn." Mi ò lè sùn, torí inú mi dùn. Mo ti ṣe é tán ná! Kí ló kù?

Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá mi ní kí n jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ wò ó, kí ojú má ti àwọn lójú àlejò. Mo tàn án, wọ́n bá mi jókòó.

"Kí ló kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Ìkíni ni, Daddy. Tiwa á kọ́kọ́ kí tiwọn, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀."

"Tiwa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láti inú ilé mi. Lójú tẹlifíṣọ̀n mi. Ò ń bá mi dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò mi òkè yẹn?"

"Daddy, ẹ̀rọ ni."

"Ta ló ni ẹ̀rọ?"

Wọ́n ní kí n yí i padà kí ilẹ̀ tó ṣú, kí tiwọn máa kí wa. Kò ṣòro. Mo sọ tiwa di ẹ̀gbọ́n, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sọ fún Ráṣídì pé kí ó sọ tiwọn di àbúrò. Ó yí i. A dán an wò. E KAALE O, tiwọn kí tiwa, tiwa dáhùn, ó ń lọ gẹẹrẹ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká. Ọwọ́ yẹn, mo ṣì mọ bó ṣe wúwo.

Ọjọ́ Sunday dé. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, pálọ̀ wa kún, Uncle Ṣẹ́gun wà lórí àga tó dára jù, àwọn àgbà ìlú jókòó ti ògiri, Mummy ti se ìrẹsì ọlọ́bẹ̀, adìyẹ ń ta sánsán dé ìsàlẹ̀. Lókè náà, à ń gbọ́ ẹsẹ̀ àti ẹ̀rín, torí Alhaji ti pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn láti mọ́ṣáláṣí pé kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ wọn ṣe. Ọmọ wọn! Mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ, ó han, ó dákẹ́. Ojú tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú ní igun rẹ̀. Ó ń ṣẹ́jú. Kò sí nǹkan mìíràn.

"Kí ló ń ṣe báyìí?" Uncle Ṣẹ́gun ló bi mí.

"Ó ń dúró ni, sà. Tiwọn ló máa kọ́kọ́ kí wa."

"Ṣé wọ́n ti sùn ni?" Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní bóyá wọ́n ṣì ń kírun. Òmíràn ní kí n gbá a létí, pé bí a ṣe ń ṣe rédíò nìyẹn. Ìlà náà ń ṣẹ́jú. Mo sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orí Ráṣídì ti yọ lókè, ó ń wò mí, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ kí wa nau! Kí lẹ̀ ń dúró dè?" ni mo ké sí i.

"Ẹ̀yin lẹ máa kí wa."

"A jọ ṣe é lánàá! O ti yí i!"

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá mi bi mí láàárọ̀ yìí pé ta ló ń kí ta. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n sọ tiwa di ẹ̀gbọ́n kíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á fọ́ mi létí. Wọ́n jókòó tì í báyìí. I can't, man. Ìwọ ni kí o yí tiyín."

Ẹ wò ó ná. Wáyà kò já. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ètò mi kò ní àbùkù kankan, ohun tí mo ní kó ṣe gan-an ló ń ṣe: ẹ̀gbọ́n ní ìsàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n lókè, àwọn méjèèjì ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, wọ́n ń retí kí ọmọdé wá kí wọn. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá mi, mo sọ ọ́ sí wọn létí kí àlejò má baà gbọ́. "Daddy, Alhaji ti ní kí wọ́n yí tiwọn padà. Wọ́n ń dúró dè wá bí a ṣe ń dúró dè wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n yí tiwa, kó kí wọn lẹ́ẹ̀kan péré. Kò ní pẹ́. Ó máa ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀."

Ó yé wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Kì í ṣe pé kò yé wọn. Mo wo ojú wọn, mo rí i bí ó ṣe yé wọn. Ṣùgbọ́n Uncle Ṣẹ́gun ti na ọrùn, etí rẹ̀ ti mú ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà kí wọn. Kí ló wà níbẹ̀?" Gbogbo àgbà ìlú yíjú sí bàbá mi, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọn á kí Alhaji.

"Àbúrò mi ló yẹ kó kí mi," bàbá mi wí.

Mummy ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. "Bàbá Gbóyè, irin lásán ni. Ẹ jẹ́ kí irin kí irin."

"Ìyá Gbóyè, padà sí kíṣìnì."

Wọn ò padà. Wọ́n kúnlẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì lórí, níwájú gbogbo àlejò. Èmi náà ṣì wà lórí eékún. Bàbá mi wò wá, wọ́n wo àwọn àlejò. Wọ́n dìde, wọ́n tún agbádá wọn gbé sí èjìká. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti fojú ara yín rí i. Ọmọ yìí kò mọ nǹkan kan. Irọ́ ló ń pa fún ìyá rẹ̀." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n yọ ẹ̀rọ mi kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, àwọn òyìnbó tó ń gbá bọ́ọ̀lù yọ síbẹ̀. Wọ́n ní kí Mummy gbé oúnjẹ wá.

Irọ́. Ó yẹ kí n dìde nígbà yẹn kí n sọ fún pálọ̀ náà ẹni tó ń pa irọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé irọ́ ló pa? Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èmi náà bí mo ṣe ti ń kọ ọ́ bọ̀ láti òkè, pẹ̀lú gbogbo ìbínú yìí, "wọ́n" ni mò ń pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fún mi ni wọ́n fi dè mí lẹ́nu, lẹ́yìn náà wọ́n ní mi ò ní nǹkan láti sọ. Mo jẹ adìyẹ ọjọ́ yẹn, kò ní adùn kankan. Lókè, mo gbọ́ tí àwọn àlejò Alhaji ń fi ẹsẹ̀ wọ́ bàtà, wọ́n ń lọ sílé. Kò sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo lọ sí Ìṣẹ́yìn. Wọ́n fi mí sí súkúlù níbẹ̀, mo kọ̀ ọ́, mo ń fò ó, títí wọ́n fi jáwọ́ lára mi, mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Ìwé tí mo kà láyé mi kò ju èyí tí mo ti kà ní Peckham kí n tó lọ. Mo ti di ọkùnrin tó gbó kí n tó fi ẹsẹ̀ ara mi padà síbí, mo sì bá ẹ̀rọ mi níbi tí Mummy tọ́jú rẹ̀ sí. Ráṣídì? Wọn ò dá Ráṣídì padà síbì kankan. Ó kàwé, ó jáde, ó ń gbé Forest Hill, ó ní ọgbà tí òdòdó wà. Ọ̀rẹ́ mi ni, mi ò ní parọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà la ti ń dán ètò mi wò, torí ẹ̀rọ tiwọn ṣì wà nínú páálí bàbá rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ Peckham bá ẹ̀rọ Forest Hill sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún bí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àwọn èèyàn láti ìlú tí mi ò dé rí ló ń lo ètò náà báyìí, wọ́n ń bi mí pé yunifásítì wo ni mo lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bi mí. Nínú ètò tí mo kọ yìí, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ló ń kí. Bí méjèèjì bá kí ara wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gba ìkíni náà bí ìdáhùn, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ló gbà mí lákòókò jù, kò sì sí ẹni tó lè rí àṣìṣe níbẹ̀. Ráṣídì máa ń sọ fún mi pé, "Gbóyè, wọ́n ti kú. Bàbá tèmi ti kú, bàbá tìẹ ti kú. Bí àwọn àgbà ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn. Fi sílẹ̀ jàre." Mo máa ń dá a lóhùn pé ìwọ ni wọn ò gbé sínú ọkọ̀ òfurufú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá mi padà sí Ìṣẹ́yìn, Mummy kò lè tẹ̀ lé wa dé pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ti sunkún títí ohùn wọn fi há. Uncle Ṣẹ́gun ti to sórí ìlà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Bàbá mi dúró níwájú mi, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Mo mọ ohun tó kàn. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀, kí n ní "Ó dàbọ̀, sà," kí wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí, kí wọ́n súre. Mo dúró ṣánṣán. Uncle Ṣẹ́gun ní, "Gbóyè, kí bàbá ẹ, wọ́n ń pè wá." Mi ò kí. Àwọn èèyàn ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bàbá mi ń wò mí, mo ń wo bàbá mi, ẹnu wọn ṣí, ó pa dé. Lẹ́yìn náà, àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́. "Ó dàbọ̀, Gbóyèga." Ohùn wọn kéré. "Ó dàbọ̀, ọmọ mi."

Àwọn ló kọ́kọ́ kí mi. Ọmọdé ni mí, àwọn ló kí mi. Ilẹ̀ kò yanu, òrùlé kò wó lé ẹnikẹ́ni lórí. Kò gbà wọ́n ju ìmí kan lọ. Ìmí kan yẹn ni mo tọrọ lórí eékún mi ní ọjọ́ Sunday, lójú ìyá mi, ìgbà tó lè wúlò fún mi, wọ́n ní àwọn ò ní in.

Mo gbé báàgì mi. Wọ́n tún un sọ, bóyá wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Mo tẹ̀ lé Uncle Ṣẹ́gun wọlé, mi ò sì dá wọn lóhùn.